Dókítà Awọ Ara àti Bẹ́ńṣì Àwọn Abóra

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ dókítà awọ ara. Iṣẹ́ yìí ló ṣe títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Kúrúnà ni, làpálàpá ni, egbò tó kọ̀ tí kò jinná ni, ara yíyún tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fojú kan oorun ni, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá bá a. Ìlú tó jìnnà ni àwọn mìíràn ti ń wá, wọn a sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ọsibítù.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn aláìsàn fẹ́ràn. Ẹni tí àwọn ará ilé rẹ̀ kì í bá jẹun pọ̀ mọ́, dókítà yìí á fa àga sún mọ́ ọn, á di apá rẹ̀ mú, á sì fọwọ́ wo ara rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bó ti ń wò ó ni yóò máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ló tún ní i nílé? Ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ ju ti alárinà lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì a máa kùn pé kì í tètè tán, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn kan a máa sunkún níwájú rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn wọ́n.

Ohun kan ló yí i padà, ohun náà sì tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó ọ̀dọ́ kan kí wọ́n tó gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ó ti ń bóra láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, awọ rẹ̀ sì ti fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí wọ́n ti ń rán ojú ọgbẹ́ náà ló ń ya. Wọ́n pe dókítà wa pé kó wá wò ó, ó wò ó, kò rí nǹkan kan ṣe. Ọmọ yè, ìyá kú. Ìyá ọkọ ló gbé ọmọ náà mọ́ra tó ń bi wọ́n pé ta ni yóò fún un lọ́mú. Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti kórìíra ìpara abóra bí ẹni kórìíra ejò.

Ó wá ní kí wọ́n gbé bẹ́ńṣì kan sí abẹ́ fèrèsé, lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bóra, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì yóò ní kó lọ jókòó sí. Wọn kò ṣòroó dá mọ̀: ojú á pupa, oríkèé ìka á dúdú. Bó bá kàn wọ́n láti rí dókítà, kì í jókòó, kì í sì í fọwọ́ kàn wọ́n. Á dúró lókèèrè, á bú wọn níṣojú gbogbo èrò, á ní kí wọ́n lọ da ìpara wọn nù. Èrò á rẹ́rìn-ín, wọn á ní dókítà àwọn kò gba gbẹ̀rẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó bú ló jáwọ́ lóòótọ́, èyí ló sì jẹ́ kó dá a lójú pé ọ̀nà náà dára.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aránṣọ kan dé. Ó ń bóra, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó nàka sí bẹ́ńṣì. Àbàwọ́n kan wà ní apá obìnrin yìí, ó mọ́ ju awọ tó yí i ká lọ. Òmíràn wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbàwọ́n kọ́ ló gbé e wá. Ó ń lọ aṣọ oníbàárà kan ni áyọ́ọ̀nù jó o lápá. Òórùn ẹran tó ń jó ló kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó wo ilẹ̀, apá ara rẹ̀ ni. Kò dùn ún rárá, àìdùn náà ló sì dẹ́rù bà á.

Dókítà dúró lókèèrè. "Ìpara ló ń jẹ ọ́ lára yẹn," ó ní. "Lọ dà á nù. Kò sí oògùn tí mo fẹ́ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibí yìí, nígbà tí áyọ́ọ̀nù…"

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ẹnu tí o fi sọ fún ìyá tó bí ọ pé àwọ̀ tó fún ọ kò dára, òun lo tún fẹ́ fi bá mi sọ̀rọ̀?"

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà dìde, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó da ìpara nù lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àfi ibi tí àbàwọ́n wọ̀nyẹn wà. Ó yẹ kó padà lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ padà sórí bẹ́ńṣì yẹn? Ó mọ̀ pé dókítà yóò ní irọ́ ló ń pa, pé ìpara ṣì wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó jókòó sílé. Abẹ́rẹ́ a gún un níka, kò ní mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi kán sórí aṣọ oníbàárà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ kan ká, òmíràn tẹ̀ lé e. Ìgbà tí kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi tipátipá mú un padà lọ sí ọsibítù.

Lọ́tẹ̀ yìí ara rẹ̀ ti dúdú, nítorí náà wọ́n jẹ́ kó jókòó síwájú dókítà. Dókítà rí àwọn ìka náà. Ó mú òwú díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń mọ ẹ̀tẹ̀ nìyẹn, nítorí ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá ti jẹ ènìyàn, ara kì í mọ nǹkan mọ́ níbẹ̀.

"Dijú," ó ní. "Bí o bá ti mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn ọ́, wí."

Ó fi òwú ra àbàwọ́n apá. Obìnrin náà dákẹ́. Ó fi ra ẹ̀yìn ọwọ́, ó fi ra àwọn ìka. Ó ju òwú sílẹ̀, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni, sà?" obìnrin náà bi í, pẹ̀lú ojú dídì.

Dókítà ní kó lajú. "Kí ló dé tí o kò tètè wá?"

"Mo wá, sà. Ẹ ní kí n pa ẹnu mọ́."

Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó lò ó, àrùn náà kú. Ìka tó ti ká kò nà mọ́. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Dókítà gbé bẹ́ńṣì náà jáde, wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló fi àáké là á. Kí ni ìyẹn ṣe fún aránṣọ? Títí di òní, ẹlòmíràn ló ń bá a de bọ́tìnì aṣọ rẹ̀.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọn á ní ìkà ni dókítà náà. Kì í ṣe ìkà. Ohun tó rí kì í tilẹ̀ ṣe irọ́: obìnrin náà ń bóra. Òótọ́ kan ṣoṣo tó rí lókèèrè ló tó o, kò sì sún mọ́ ọn mọ́. Ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá.

Bàbá Mopélọ́lá, ìwọ ni mo ń bá wí. Ọmọ rẹ ti ilé ọkọ dé pẹ̀lú ẹrù lórí, o sì ti ń sọ káàkiri àdúgbò pé ẹnu rẹ̀ ló lé e jáde. Òótọ́ ni. Ẹnu Mopélọ́lá mú, èmi tí mo kọ́ ọmọ náà níwèé mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀. O ní lọ́la ni o máa mú un padà lọ, kó kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀? Nínú ooru yìí, ọmọ náà ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, o rí i, o kò sì béèrè. Ìyàwó mi bá a níbi tó ti ń wẹ̀ lánàá. Ohun tó rí lára ọmọ náà kò jẹ́ kí ìyàwó mi lè jẹ oúnjẹ alẹ́ nígbà tó délé.

Akátá là ń kọ́kọ́ lé lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Padà sílé. Má dárúkọ ẹnu rẹ̀ lónìí. Ní kí ìyá rẹ̀ ká apá aṣọ ọmọ náà sókè, kí o sì jókòó tì í, kí o wò ó dáadáa. Bí o bá wò ó tán, tí o ṣì fẹ́ mú un lọ fún wọn, ọ̀nà mìíràn ni kí o gbà. Má mú un gba iwájú ilé mi kọjá.