Omi Tí Fadérera Béèrè
Ìyá Rámà tó ń ta ọṣẹ ló kọ́kọ́ ta Fadérera lólobó pé Olóyè Arójòjoyè ti kó owó tí ará àdúgbò dá fún ẹ̀rọ omi jẹ. Ọ̀gá rédíò ní kí Fadérera, tí kò tíì lo oṣù méjì lẹ́nu iṣẹ́ oníròyìn, gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Olóyè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ kówó jẹ?" Olóyè ní, "Rárá," ọ̀rọ̀ tán. Olè wo ló máa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni"? Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ìbéèrè í bi. Ẹ máa sọ tiyín, kí n máa gbọ́." Inú Olóyè dùn, ó ní ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, omi rẹ̀ tutù ju omi òjò lọ. Fadérera ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kàn ń gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí Olóyè sọ ọ́ tán, Fadérera ní, "Bàbá, àlejò yín ò tíì mu omi o." Àlejò kì í dé ilé àgbà kó má mu omi, ni Olóyè bá ké sí ìyàwó rẹ̀. Omi inú ọ̀rá nìyàwó náà gbé wá. Fadérera fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Omi ẹ̀rọ tí Bàbá ń yìn ni mo fẹ́ tọ́ wò." Ìyàwó Olóyè ní, "Ẹ̀rọ wo, ọmọ mi? Ṣebí odò ni mo ṣì ń pọn." Fadérera wá bi Olóyè jẹ́jẹ́ pé, "Owó náà ńkọ́, sà?" "Rárá" ò ṣe é fi dáhùn ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí rédíò gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà; Ìyá Rámà gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tó dá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.