Obìnrin Akọni Tí Kò Ṣubú Rí

Ọkùnrin kan wà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ wọ ilé ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀. Ó ku oṣù méjì kí ó lọ, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ náà. Ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó ń bẹ̀rù àwọn ọmọ kíláàsì òkè, kódà ó ń bẹ̀rù tòlótòló aládùúgbò. Bàbá kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tirẹ̀ ju ti ọmọ lọ.

Ó wá rántí eré kan tí ó máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà èwe rẹ̀, eré obìnrin akọni kan tí ó ń fi ọwọ́ kan dá ọkọ̀ àjàgbé dúró. Àwọn tó ni eré náà ti kó o sínú àwo fídíò báyìí, odindi rẹ̀, àwo méjìlá nínú páálí kan tí àwòrán obìnrin náà wà lára rẹ̀. Ó rà á. Ó ní bí ọmọ òun bá rí obìnrin yìí, àyà rẹ̀ yóò le.

Kí ó tó fi han ọmọ, ó kọ́kọ́ dá a wò. Ohun tí ó ti gbàgbé ni ó rí. Kò sí àwo tí àwọn ọ̀tá kò ti mú obìnrin náà. Wọ́n dè é mọ́ òpó, wọ́n jù ú sí kànga, wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sunkún. Bàbá ní èèwọ̀, ọmọ òun kò ní rí èyí. Ó gbé páálí lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tí ó máa ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, ó ní kí ó bá òun gé gbogbo ibi tí ìyà ti ń jẹ obìnrin náà kúrò.

Oní-fídíò wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá gé ìwọ̀nyí, kò ní sí ìdí tí obìnrin yìí fi jáde nílé."

"Ṣáà gé e," ni bàbá wí.

Àwo méjìlá di ẹyọ kan. Obìnrin náà jí, ó di bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì wa mọ́tò lọ sílé. Lẹ́yìn náà ó tún jí. Ọmọ wò ó tán, ó ní, "Bàbá mi, iṣẹ́ wo gan-an ni àǹtí yìí ń ṣe?" Bàbá ní iṣẹ́ akọni ni.

Ọmọ gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, tòlótòló aládùúgbò yọ sí i lójú ọ̀nà. Kò sá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń retí kí tòlótòló lọ sílé. Tòlótòló kò tíì wo fídíò náà.

Nígbà tí bàbá ń fi omi gbígbóná jó ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ìrora ni ọmọ ń sunkún lé lórí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò ṣe àǹtí yẹn ní nǹkan rí. Èmi nìkan ni wọ́n ń ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà gún bàbá. Ó rò pé òun ń fi ìyà pamọ́ fún ọmọ ni. Àṣé òun ló sọ ọmọ di ẹnì kan ṣoṣo tí ìyà ń jẹ láyé. Ó lọ gbé àwo méjìlá tí a kò gé jáde, àwọn méjèèjì sì jọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dé ibi kànga, bàbá fi aṣọ bojú. Ọmọ ni ó sún mọ́ ọn, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣíjú, Bàbá mi. Àǹtí yẹn ti ń wá ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé."

Nígbà tí ọjọ́ ìwọlé pé, ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbé àpótí wọ ilé ìwé. Bàbá ni àwọn olùkọ́ ń rẹ̀ lẹ́kún ní géètì.

Ìwọ tí o ní ọmọ nílé, má fi bàbá yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Abiyamọ ni èmi náà; mo mọ bí ó ṣe ń wu ni láti gé e. Ìwọ ti gé tìrẹ. O sọ fún ọmọ rẹ pé ipò kìíní lo máa ń gbà ní kíláàsì. Mo sọ bẹ́ẹ̀, aládùúgbò mi sọ bẹ́ẹ̀. Ta ni ó wá ń gba ipò ìkẹyìn? Lọ́jọ́ tí ọmọ bá mú ipò kejìdínlógún bọ̀ wálé, yóò rò pé òun nìkan ni ó ṣubú nínú ìdílé. Mú káàdì ìdánwò àtijọ́ yẹn jáde ní ìsàlẹ̀ àpótí. Jẹ́ kí ó rí ibi tí o ti ṣubú, kí ó lè gbà gbọ́ pé o dìde.