Kámẹ́rà Méjì, Ìyá Méjì

Ọkùnrin kan wà tí ó fẹ́ràn fọ́tò yíyà ju oúnjẹ lọ. Akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìjọ, òun ni ó ń ya gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ìrìbọmi, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Létí odò ìrìbọmi náà ni kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ ti já bọ́ sómi, tí kò sì jí mọ́. Àwọn ará ìjọ ní, "Kámẹ́rà Bùrọ́dá náà ti di ẹni ìgbàlà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun yóò ra èyí tó dára jù ú lọ.

Ìbejì ni ìyá tó bí i. Táyélolú ni ìyá náà. Ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé, ni ọkùnrin yìí ń pè ní Ìyá Àgbà, nítorí Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Láti kékeré ni ìyá wọn ti kìlọ̀ fún wọn pé a kì í ya fọ́tò ìbejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹni tó bá ya ọ̀kan láìsí ìkejì ti là wọ́n sí méjì nìyẹn. Wọ́n pa ìkìlọ̀ náà mọ́. Ilé ọkọ gbé ọ̀kan lọ sápá ìhín, ó gbé ìkejì lọ sápá ọ̀hún, nígbàkúùgbà tí ayafọ́tò bá sì dé, wọn a kọ ẹ̀yìn sí i. Wọn kò tilẹ̀ gba káàdì ìdìbò rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di arúgbó láìní àwòrán kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọkọ àwọn méjèèjì kú tán, wọ́n padà sílé baba wọn, wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Wọ́n wá pe ọkùnrin náà. Táyélolú ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run ti kó wa jọ padà. Wá yà wá, kí àwọn ọmọ yín lè mọ ojú tí wọ́n ti wá."

Ó ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, màámi. Ẹ jẹ́ kí n ra kámẹ́rà gidi."

Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá kámẹ́rà kékeré méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ohun tí ń wọ àpò ẹ̀wù lọ. Èyí dúdú ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra: ẹyẹ tó bà sórí ilé ìjọsìn, àfi bíi pé àtẹ́lẹwọ́ rẹ ló bà sí. Èyí funfun ń ríran nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó gbé dúdú, ó gbé e kalẹ̀. Ó gbé funfun, ó gbé e kalẹ̀. Ó lọ sílé lọ ka ohun tí àwọn ará òkè òkun kọ nípa wọn lórí fóònù. Ẹnì kan ní bátìrì dúdú kì í pẹ́ kú. Ẹlòmíràn ní funfun kò mọ oòrùn í kojú. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, oṣù kan di mẹ́ta. Ọlọ́jà náà wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ fi ṣaya ni? Ẹ jẹ́ ká kúkú ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀."

Láràárọ̀ Sátidé, àwọn ìyá méjì yìí a wẹ̀, wọn a wọ aṣọ kan náà, wọn a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí oòrùn ti rọ̀. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọn a dìde, wọn a ká aṣọ wọn padà. Lọ́jọ́ kan Táyélolú bi í pé, "Ṣé ojú òkun ni kámẹ́rà náà ṣì wà?" Onídìrí tó wà ládùúgbò gbọ́, àánú ṣe é, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín yà á."

Ọmọ wọn ló bínú! Ó ní, "Fóònù? Ìyá tèmi? Ṣé ẹja díndín ni wọ́n, tí ẹ fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ yín?" Onídìrí ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

Ẹ wo ìgbéraga! Ọwọ́ òfìfo ń bú ọwọ́ tó ní nǹkan dání.

Ọyẹ́ dé. Ọkùnrin náà ti gbọ́ pé kámẹ́rà kẹta ń bọ̀ lọ́dún tuntun, tí yóò ní ọgbọ́n dúdú àti ti funfun pọ̀, ó sì ń dúró dè é. Lọ́jọ́ Ajé, ikọ́ mú Táyélolú. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n sin ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkùnrin náà ra kámẹ́rà funfun. Kò jókòó, kò ka nǹkan kan, kò bi ẹnì kan. Mo bi ọ́, níbo ni ìyára yìí ti sùn láti oṣù mẹ́fà?

Ní ilẹ̀ wọn, bí ìbejì kan bá kú láìní àwòrán, ìkejì tó wà láàyè ni yóò jókòó fún àwọn méjèèjì. Ìyá Àgbà wọ aṣọ náà, ó jókòó sápá òsì bẹ́ǹṣì. Ọmọ yà á. Ó tú gèlè rẹ̀, ó wé ti Táyélolú, ó sún sápá ọ̀tún. Ọmọ tún yà á. Wọ́n lẹ àwòrán méjèèjì pọ̀, ó di arábìnrin méjì tó jókòó tira. Àwòrán náà mọ́ débi pé o lè ka ìlà ojú. Àwọn mọ̀lẹ́bí ń pariwo pé, "Kámẹ́rà yìí mà dára o!"

Ó gbé e lọ fún Ìyá Àgbà. Ìyá náà wò ó pẹ́.

Ó ní, "Táyé ní àpá kékeré lábẹ́ ojú òsì. Èmi ni mo fi ìgbákọ gbá a níbẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bá mi wá a."

Ọkùnrin náà tẹ ojú mọ́ àwòrán. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Gbogbo ìlà ni ó rí. Kò rí àpá.

Ìyá Àgbà ní, "Kámẹ́rà rẹ ríran. Ìwọ ni o kò ríran." Ó dá àwòrán náà padà fún un, ó dojú kọ ògiri.

Má mi orí sí i, ọmọ mi. Má ṣe "háà" fún akọ̀wé tí o kò mọ̀. Ìwọ tí o wọlé tọ̀ mí lónìí pé kí n gbàdúrà, kí Ọlọ́run lè fi èwo nínú ọkọ̀ méjì tí o ń yẹ̀ wò hàn ọ́, èyí tí yóò bu iyì fún ọ bí o bá ń wọ ìlú lọ kí bàbá rẹ. Ọdún mẹ́ta nìyí! Ọdún mẹ́ta tí arúgbó ń gbé àga síta láti máa wo ọ̀nà, tí ìwọ ń wo ọ̀dà ọkọ̀! Ta ló sọ fún ọ pé ọkọ̀ ni ó bí?

N kò ní gbàdúrà náà. Ọlọ́run tó fún ọ lẹ́sẹ̀ méjì ti dá ọ lóhùn tipẹ́. Ọkọ̀ èrò ń kún lọ́wọ́ ní garéèjì. Dìde níwájú mi.