Ìbejì Tó Dán Ẹ̀rọ Wò Nílé Oníṣègùn Eyín

“Kí a tó yìn ín pé ó gbọ́n, ká mú ìbejì síwájú rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí ní Òkè-Èjìrẹ́, títí kan àwọn tí kò bí ìbejì rí. Ẹ̀yin tí òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu yín, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe oko. Ilé ìwòsàn eyín ni, níwájú bẹ́ǹṣì tí àwọn èèyàn jókòó sí, tí kálukú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àdùnọlá. Òun ló ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn fún ọdún méjìlélógún, ìyẹn ni gbogbo ìlú fi ń pè é ní Màmá Káàdì. Ẹ sì mọ̀ pé ìbejì pọ̀ bí ewé ní Òkè-Èjìrẹ́. Ilé kan ṣoṣo lè ní Táyé mẹ́ta. Màmá Káàdì mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ oògùn kan, yóò so òwú pupa mọ́ káàdì ẹni náà.

Lọ́dún kan, òjò já òrùlé, ó dà sórí káàdì, ìdajì wọn sì di ẹ̀kọ. Dókítà Fáwọlé, tó ni ilé ìwòsàn náà, ní ó tó gẹ́ẹ́, kọ̀ǹpútà ni àwọn yóò máa lò. Ó ní kí oníṣòwò méjì wá fi ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tà han òun, kí òun mú ọ̀kan.

Ọkàn Màmá Káàdì ò balẹ̀. Kò bẹ̀rù kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá mú èyí tí kò dáa, abẹ́rẹ́ ẹnìkan lè bọ́ sára ẹlòmíràn. Ó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì àlejò kan ti fa pẹnisílíìnì sínú abẹ́rẹ́ fún Kẹ́hìndé bíríkìlà, ó rò pé Táyé ìkejì rẹ̀ ni, tí wọ́n jọ ń ṣe bíríkìlà. Ara Kẹ́hìndé kì í gba oògùn yẹn rárá. Igbe Màmá Káàdì ló gbà á lọ́wọ́ ikú.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, oníṣòwò àkọ́kọ́ dé, Ọ̀gbẹ́ni Ládiméjì. Aṣọ rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ dán jù ú lọ. Ó tẹ kiní kan, eyín méjìlélọ́gbọ̀n tò rẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka kan ọ̀kan, eyín náà pọ́n bí ata. Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì gbàgbé ìrora, wọ́n ń na ọrùn. Dókítà ti ń wá bírò láti fọwọ́ sí ìwé.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́,” ni Màmá Káàdì wí, “ẹ jẹ́ kó kọ èèyàn méjì péré sí i ná.”

Ládiméjì rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló lè kọ.”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ò le, ọmọ mi. Méjì ló le.”

Ó ṣẹ́wọ́ sí àwọn bíríkìlà méjì náà lórí bẹ́ǹṣì. Eyín ló mú Kẹ́hìndé wá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Táyé sìn ín wá ni.

“Èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ,” Táyé wí. “Èmi ni mo kọ́kọ́ dáyé.”

“Ta ló rán ọ níṣẹ́?” Kẹ́hìndé fi ẹnu wíwú dá a lóhùn. “Èmi ni mo ní kó o lọ tọ́ ayé wò. Ọmọ iṣẹ́ mi, rọra.”

Ládiméjì kọ Kẹ́hìndé, ó kọ ìkìlọ̀ síwájú orúkọ rẹ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílíìnì. Ó wá kọ Táyé: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, nọ́ńbà fóònù kan náà, torí fóònù kan ni wọ́n jọ ń lò níbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ní òun ti mọ ẹni yìí tẹ́lẹ̀. Ó pa àwọn méjèèjì pọ̀ di ẹyọ ẹnì kan, Táyé, ìkìlọ̀ pẹnisílíìnì sì pòórá.

“Kékeré nìyẹn,” ni Ládiméjì wí. “Ẹ ṣáà fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wọn.”

“Kí n wá purọ́ mọ́ ìyá wọn pé ó rọbí mọ́jú?” ni Màmá Káàdì bi í. “Ọmọ mi, ìyá wọn ṣì wà láyé o.”

Àwọn ará orí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ṣùgbọ́n Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ibi tí ìkìlọ̀ náà wà tẹ́lẹ̀, ó sì rọra gbé bírò sílẹ̀.

Oníṣòwò kejì, tó dé lọ́jọ́ yẹn kan náà, ni Abọ́sẹ̀dé, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ojú ètò tirẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan, ó rí bí eérú. Ó kọ Kẹ́hìndé, ó kọ Táyé. Kọ̀ǹpútà dúró, ó béèrè pé: “Ẹnìkan wà níbí tó jọ ẹni yìí. Ṣé òun náà ni, àbí ẹlòmíràn?” Abọ́sẹ̀dé tẹ ẹlòmíràn. Ó ya fọ́tò ojú kálukú sí ìwé tirẹ̀. Ìkìlọ̀ Kẹ́hìndé dúró gbọn-in, wọn ò sì lè ṣí ìwé rẹ̀ kó má kọ́kọ́ hàn.

Màmá Káàdì ò tíì gbà. Ó tún pe Táyé mìíràn láti agboolé kan náà. Ètò náà tún béèrè, kò pa wọ́n pọ̀.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ yàn án,” Dókítà wí, ó sì fọwọ́ sí ìwé Abọ́sẹ̀dé lójú gbogbo èèyàn. Màmá Káàdì dìde, ó fa gèlè le, ó ju apá, ó dá orin, bẹ́ǹṣì sì gbè é, àtẹni tí ẹnu rẹ̀ wú:

Ó mọ Táyé o, ó mọ Kẹ́hìndé,
Ó mọ Táyé o, ó mọ Kẹ́hìndé,
Ẹ̀rọ tó ń bi ni kó tó kọ̀wé,
Ẹ gbé e wọlé, kó jókòó tì wá.

Orin yẹn bá àwọn èèyàn délé, ibẹ̀ ló sì ti di òwe. Nítorí náà, bí ohun tuntun kan bá dé tó ń dán yinrinyinrin, tàbí tí ẹlẹ́nu dídùn kan wá tọrọ ọmọ, tí ará ilé ti ń pàtẹ́wọ́, àgbà á ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Ohun tó le jù nínú ilé tiwa ni ká fi dán an wò, kì í ṣe èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá. Kí a tó yìn ín pé ó gbọ́n, ká mú ìbejì síwájú rẹ̀.