Bí Dá Ṣe Di Òṣìṣẹ́ Gbogbo Ilé

Nígbà láéláé, kí ìwé tó dé, kí olùkọ́ tó dé tí yóò na ọmọ nítorí ìwé, àwọn ọ̀rọ̀ ń gbé ìlú tiwọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Dá ló kéré jù nínú wọn. Kí o tó la ẹnu pè é, o ti pè é tán. Iná ló máa ń dá fún ìyá rẹ̀ láàárọ̀, kò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́dún kan, igbó bo ilẹ̀ ìyá Dá, òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá rí ebè kọ kí òjò tó dé, kò sí iṣu, ebi ni. Dá bá lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàáró, àwọn tó máa ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn níkọ̀ọ̀kan. Gbàràgàdà ni olórí wọn, òun ló ga jù, òun náà ló fẹ̀ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a ti oko wa bẹ̀rẹ̀," ni Dá wí. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni màá fi san ti gbogbo yín."

Gbàràgàdà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ bíńtín yìí? Tí o bá kùnà nílé ẹnì kan ńkọ́?"

"Ẹ gba oko náà."

Ìyá Dá ká ọwọ́ lérí. "Dá! Ta ló rán ẹnu rẹ níṣẹ́?"

Ẹgbẹ́ gbà, wọ́n sì rọ́ dé oko; kí oòrùn tó wọ̀, ebè ti tò lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀ wọn. Ó wá ku àáró Dá.

Òfin àáró ni pé iṣẹ́ tí onílé bá gbé kalẹ̀ ni wàá ṣe. Ní àfẹ̀mọ́jú, Dá wọ inú igbó, ó dá oko fún Oko, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ náà. Ó yà sílé Orin, ó bá àwọn obìnrin tí wọn kò rí ẹni ṣáájú wọn. Ó dá orin, wọ́n gbè é. Nílé Ẹjọ́, ẹni méjì ń jà nítorí adìyẹ tó yé sí yàrá aládùúgbò.

Dá dá ẹjọ́ náà: "Ẹni tó ni adìyẹ ló ni ẹyin. Òun náà ni kó wá gbá imí rẹ̀."

Ó wá ku ilé Gbàràgàdà. Gbàràgàdà ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀, àgbò rẹ̀ sì já, ó ń bọ̀ tòun ti ìwo. Onílé fúnra rẹ̀ ti gun ògiri.

"Iṣẹ́ rẹ nìyẹn o!" ló kígbe látòkè.

 Dá rántí iṣu ìyá rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dá àgbò náà dúró.

"Ọmọ mi ni o!" ni ìyá rẹ̀ ń pariwo káàkiri. "Ṣé ẹ rí i? Èmi ni mo bí i!"

Láti ọjọ́ náà ni Dá kò ti ráyè jókòó mọ́, nítorí kò sí ilé tí wọn kì í ti í pè é. Gbàràgàdà, pẹ̀lú gbogbo gígùn rẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ló ṣì wà títí dòní.

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sì ń yangàn fún yín pé òun ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń ṣe ogójì iṣẹ́, ẹ ní kó wá kí Dá, tó bá bá a nílé.