Awọ Àrọ̀ Lórí Egbò Málọmọ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já gbì, ó já sórí Àwẹ̀ró àti Málọmọ́ ọmọ rẹ̀. Ó já sórí Àrọ̀, ẹja inú odò. Ó já sórí Lápálápá, igi olóje. Àlọ́ yìí kò ládùn, ẹ má retí ẹ̀rín.

Àwẹ̀ró bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn kú. Ó bí ẹ̀kẹrin, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́. Òun nìkan ṣoṣo ló ní láyé.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń se epo pupa. Epo gbígbóná dà sí Málọmọ́ láyà. Awọ àyà rẹ̀ bó. Ọmọ ń ké, ìyá ń ké.

Àwẹ̀ró gbé e, ó sáré lọ sódò. Àrọ̀ yọjú. Nígbà náà, Àrọ̀ ní ìpẹ́ lára bíi ẹja yòókù.

"Àwẹ̀ró, kí ló dé?"

"Ọmọ mi ń lọ o! Àrọ̀, gbà mí!"

Málọmọ́ a máa ju èérún ẹ̀kọ sódò fún Àrọ̀. Àánú ọmọ náà ṣe Àrọ̀. Ó bọ́ awọ òde ara rẹ̀ tìpẹ́tìpẹ́.

"Ha ìpẹ́ rẹ̀ dànù, kí o fi bo egbò náà. Àmọ́ awọ mi nìkan ò tó. Lọ tọrọ oje lọ́wọ́ Lápálápá."

Àárín agbolé ni Lápálápá ń gbé nígbà náà, lẹ́nu ọ̀nà yàrá Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ fún un.

"Já ewé mi," ni Lápálápá wí. "Kán oje sí egbò, fi awọ bò ó. Ọjọ́ méje ni o! Má ṣí i. Awọ yẹn á lẹ̀ mọ́ ẹran ara ọmọ rẹ."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ sùn. Ọmọ jí, ó mu ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ kejì, ìyálé Àwẹ̀ró dé. "O kú ewu o, ìyá Málọmọ́. Jẹ́ n rí ojú egbò náà."

Lápálápá kọrin lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró, má ṣí i o,
Tẹ́rẹ́ná.
Ọjọ́ méje ò tíì pé,
Tẹ́rẹ́ná.

Àwẹ̀ró gbọ́, àmọ́ ojú ń tì í láti kọ̀ fún ìyálé rẹ̀. Ó ṣí etí awọ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dé. "Èmi tí mo ti ọ̀nà jíjìn wá, ṣé awọ ẹja ni mo wá wò ni?"

Lápálápá kọrin. Àwẹ̀ró ṣí awọ dé ìdajì. Ara ọmọ gbóná.

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá ọkọ rẹ̀ dé. "Ìyàwó, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ṣí i tán, jẹ́ n rí ọmọ mi."

Lápálápá kọrin, kọrin, ohùn rẹ̀ há. Ta ní fẹ́ kí wọ́n pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́? Àwẹ̀ró ṣí i tán. Awọ ya, ẹran ara bá a lọ. Málọmọ́ ní, "Ìyá mi," lẹ́ẹ̀kan péré. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kí i kú ewu náà ló tún padà wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ó dùn mí títí dòní.

Àrọ̀ gbọ́, ó wọnú ẹrẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ìpẹ́ mọ́, tí ara rẹ̀ sì ń yọ̀ mọ́ ọmọ ènìyàn lọ́wọ́.

Lápálápá kò lè wo ẹnu ọ̀nà yàrá náà mọ́. Ó jáde lọ dúró nídìí ọgbà, lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ ti ń rí i. Bí ẹ bá já ewé rẹ̀, omi á máa kán tó, tó, tó. Ẹkún Málọmọ́ ló ń sun.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi wọlẹ̀ sí.