Ìdí Tí A Fi Ń Wa Ọkọ̀ Ṣeré Lórí Ọ̀sà

Ní ayé ọjọ́un, nígbà tí ènìyàn àti ẹyẹ ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, ọkọ̀ ojú omi kò rí bó ṣe rí lónìí. Roboto ló rí, bí igbá ńlá. Ọ̀pá gbọọrọ kan ni wọ́n fi ń wà á. Bí atukọ̀ bá fi ọ̀pá ti omi lápá ọ̀tún, ọkọ̀ a yí sí òsì. Bó bá tì í lápá òsì, ọkọ̀ a yí sí ọ̀tún. Bí afẹ́fẹ́ bá tún wá dé sí i, ọkọ̀ a máa pòòyì lójú kan bí òkòtó.

Nítorí náà, ẹ̀rù omi ń ba gbogbo ènìyàn. Apẹja nìkan ló ń wọ ọkọ̀, òun náà kì í sì í jìnnà sí èbúté. Kò sí ẹni tó jẹ́ wọ ọkọ̀ lọ ṣeré. Bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ lásán, ìyá rẹ̀ a fà á létí wálé.

Ìletò méjì wà létí ọ̀sà kan nígbà náà, wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ Etí-Iyanrìn, èkejì ń jẹ́ Ìdí-Àgbọn. Láàárọ̀, àwọn ará ìhín máa ń rí èéfín iná àwọn ará ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọdá yóò lo odindi ọjọ́ kan lójú omi, ẹlòmíràn kì í sì í débẹ̀ rárá. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbé e lọ síbi tí kò mọ̀.

Obìnrin kan wà ní Etí-Iyanrìn tó ń jẹ́ Àìná. Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ nìkan ló wọ ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Olúgbódi lorúkọ ọkọ rẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, òun ló sì ń gbẹ́ ọkọ̀ fún gbogbo apẹja. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí Àìná ti fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ti bí ọmọ obìnrin kan, ìyá rẹ̀ kò sì tíì gbé ọmọ náà rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lékeléke fò wá láti Ìdí-Àgbọn, ó bà sórí ọgbà wọn. Ó ní ìyá Àìná ló rán òun. Ó ní ara ìyá náà kò le mọ́, ẹnu ọ̀nà ni agbára rẹ̀ mọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń béèrè ni kí òun gbé ọmọ ọmọ òun kí òun tó lọ.

Àìná kò jẹun ní ọjọ́ náà. Ó fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, òun àti ọkọ rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ roboto náà láti kọ́kọ́ dán ọ̀nà wò. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí afẹ́fẹ́ fi dé. Ọkọ̀ pòòyì, ó pòòyì, ó sì dà wọ́n sómi. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja tó wà nítòsí ló yọ wọ́n.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò pariwo mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó ní kí Àìná má wọ ọkọ̀ mọ́. Ó ní òun kò fẹ́ sin ẹnikẹ́ni nítorí omi, àti pé omi kì í ṣe ibi eré.

Àìná lọ jókòó sétí omi, ó ń sunkún. Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́ ọ. Inú eèsún etí omi ni Pẹ́pẹ́yẹ ń gbé nígbà náà, kò mọ ilé ènìyàn. Òun náà ń ṣọ̀fọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí awọ́nríwọ́n ti tún jẹ gbogbo ẹyin rẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn. Ó jáde wá, ó sì bi Àìná léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Àìná ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ náà ro tirẹ̀.

Àìná nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, “Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, awọ́nríwọ́n kì í wọ inú ọgbà wa. Ẹ wá yé ẹyin yín sẹ́yìn ilé ìdáná mi, n óo máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń rìn lórí omi tí omi kì í yí yín po.”

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó títí, ó sì gbà. Ó wọ inú omi lójú rẹ̀, ó rọra lọ, ó rọra bọ̀.

Ó ní, “Wo ẹsẹ̀ mi. Ó fẹ̀ pẹrẹsẹ, òun ni mo fi ń ti omi sẹ́yìn. Ọ̀pá yín tẹ́ẹ́rẹ́ jù, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wá wo ara mi. Àyà mi ṣe ṣóńṣó níwájú, ìrù mi ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn. Omi là fún mi ni, kò bá mi jà. Ta ló ní kí ẹ fi igbá ṣe ọkọ̀?”

Nígbà tí Àìná sọ ọ́ fún Olúgbódi, ọkùnrin náà kọ́kọ́ mi orí. Ó ní bàbá òun gbẹ́ roboto, bàbá bàbá òun gbẹ́ roboto. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó gbà. Ó gé igi àràbà kan, ó fi àáké àti iná gbẹ́ inú rẹ̀. Ó ṣe é gbọọrọ, ó sì mú iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣóńṣó. Ó wá gbẹ́ igi méjì, tí ìdí wọn fẹ̀ bí ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ. Ó pe ìyẹn ní àjẹ̀. Ogún ọjọ́ ni iṣẹ́ náà gbà.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ọkọ̀ náà dà wọ́n sómi nígbà mẹ́ta. Àwọn ọmọdé jókòó sétí omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ lọ wẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n má dìde lórí ìrìn. Ó ní kí Àìná jókòó síwájú, kí ó máa wà á ní ìwọ̀n kan náà, kí Olúgbódi tó wà lẹ́yìn máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa darí. Ó ní bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí wọ́n di ọkọ̀ mú, nítorí igi kò ní rì. Wọ́n so akèrègbè gbígbẹ méjì-méjì mọ́ àyà kí omi má baà gbé wọn mì. Kí wọ́n tó wọ omi, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ọkọ̀ náà ń lọ tààrà bí ẹni fa okùn.

Àìná lọ bá Baálẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ ní omi kì í ṣe ibi eré. Eré kọ́ ni mo fẹ́ lọ ṣe. Ìyá mi ni mo fẹ́ lọ wò.”

Baálẹ̀ mú ọ̀pá rẹ̀, ó bá a lọ sétí omi, ó sì ní kí wọ́n wà á lójú òun. Wọ́n wà á lọ, wọ́n yí i po lójú omi, wọ́n wà á padà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ọkọ̀ kò pòòyì. Baálẹ̀ gbé ọwọ́ lé Àìná lórí, ó ní kí ó máa lọ, kí ó bá òun kí ìyá rẹ̀.

Wọ́n gbéra ní ìdájí, ọmọ wà lẹ́yìn Àìná. Oòrùn kò tíì dé àárín ọ̀run tí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Ìdí-Àgbọn. Ìyá Àìná jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbá a mọ́ àyà.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ rí ohun tó gbé wọn wá. Wọ́n gbé e lọ sétí omi. Ó fi ọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ó sì ní kí wọ́n gbé òun sínú rẹ̀. Àìná bi í léèrè ibi tó fẹ́ lọ.

Ìyá náà ní, “Kò síbi tí mò ń lọ. Ẹ ṣáà wà mí lọ síwájú díẹ̀, kí ẹ dá mi padà.”

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wáyé rí létí ọ̀sà yẹn. Gbogbo ìletò jáde wá wò. Olúgbódi àti Àìná rọra wà á. Ìyá náà ki ọwọ́ bọ omi, ó jẹ́ kí omi máa gba àárín ìka rẹ̀ kọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n gbé e gúnlẹ̀, àwọn ènìyàn bi í bí ó ti rí.

Ó ní, “Ọgọ́ta ọdún ni mo fi ń wo omi yìí láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló ṣe rẹwà láti àárín rẹ̀.”

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, èèyàn mẹ́tàdínlógún ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n wa àwọn náà síwájú díẹ̀. Kò pẹ́, Olúgbódi gbẹ́ ọkọ̀ fún Ìdí-Àgbọn, ó gbẹ́ fún Etí-Iyanrìn. Àwọn ọ̀dọ́ ìletò méjèèjì bá ara wọn figa gbága, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó yá jù. Ìdí-Àgbọn ló kọ́kọ́ borí. Baálẹ̀ Etí-Iyanrìn, ẹni tó ní omi kì í ṣe ibi eré, òun gan-an ló wọ ọkọ̀ lọ bá wọn pé kí wọ́n tún un sá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìyá Àìná tún rí òjò ọdún méjì sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, wọn a wà á síwájú díẹ̀, wọn a sì dá a padà.

Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ọ̀sà ti ṣe ṣóńṣó níwájú àti lẹ́yìn, tí ìdí àjẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Láti ọjọ́ náà ni pẹ́pẹ́yẹ ti ń yé ẹyin rẹ̀ sẹ́yìn ilé ènìyàn. Láti ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ará ọ̀sà ti ń wa ọkọ̀ jáde láìru ẹrù, láìdẹ àwọ̀n, nígbà tí òjò bá ti lọ tán. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àgbọn, gbogbo atukọ̀ a gbé àjẹ̀ lé itan, wọn a dúró jẹ́ẹ́, títí wọn yóò fi wa obìnrin tó dàgbà jù lọ nínú ìletò síwájú díẹ̀, tí wọn yóò sì dá a padà.